Ìrìn-Àjò sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo: Ìtàn Rẹ̀, Ohun tó Wà níbẹ̀ àti Ìlànà fún Àlejò

Igbó Ọ̀ṣun jẹ́ igbó kìjikìji tó wà ní etí odò Ọ̀ṣun, ní ẹ̀bá ìlú Òṣogbo, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 75, a sì ya hẹ́kítà 47 mìíràn sọ́tọ̀ yí i ká gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ààbò. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Òun ni ìkejì irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, lẹ́yìn ilẹ̀ Sukur ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, èyí tí wọ́n kọ ní ọdún 1999.

Àwọn èèyàn ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá wo igbó yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ìpínlẹ̀ wa ni kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. Ará Kúta, Ilé-Ògbó tàbí Ìwó tó bá jí ní kùtùkùtù lè dé ibẹ̀, kó rìn yíká, kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. A kọ àlàyé yìí kí ẹni tó ń lọ lè mọ ìtàn ibẹ̀, ohun tí yóò rí, àti bí yóò ṣe hùwà níbẹ̀. Ó kan ọ̀rọ̀ ìlera pẹ̀lú, nítorí omi odò náà kò rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bí ìlú Òṣogbo ṣe bẹ̀rẹ̀ ní etí odò

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Láròóyè, ọmọ ọba, àti Tìmẹ́hìn, ọdẹ ńlá, ni wọ́n kó àwọn èèyàn wọn kúrò ní Ìpólé-Omu nítorí àìtó omi. Nígbà tí wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n rí i pé omi pọ̀, ilẹ̀ sì dára, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó láti kọ́lé. Igi kan tí wọ́n gé wó lu odò, ohùn kan sì dún láti inú omi pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí, "oṣó igbó", ni ìtàn ti sọ pé orúkọ Òṣogbo ti jáde.

Ìtàn náà tẹ̀ síwájú pé Ọ̀ṣun bá Láròóyè dá májẹ̀mú: òun yóò dáàbò bo àwọn èèyàn rẹ̀, òun yóò sì fún wọn ní ọmọ àti àlàáfíà, bí wọ́n bá lè máa bọ̀wọ̀ fún odò àti igbó tó yí i ká. Nígbà tí Láròóyè rúbọ, ẹja ńlá kan jáde láti inú odò, ó sì tẹ́wọ́ gbà á. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń pe ọba Òṣogbo ní Àtáọ́ja, ìyẹn ni ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Nígbà tí èrò pọ̀ sí i, wọ́n kúrò ní etí omi lọ sí ibi tí ìlú wà lónìí, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ibùdó àkọ́kọ́. Ààfin àkọ́kọ́ ṣì wà nínú igbó náà títí di òní, ibẹ̀ sì ni ojúbọ Ọ̀ṣun tó ṣe pàtàkì jù lọ wà.

Májẹ̀mú yìí ló bí àwọn èèwọ̀ igbó náà: a kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pa ẹja inú odò tó gba ibẹ̀ kọjá, a kì í gé igi ibẹ̀, a kì í sì dáko síbẹ̀. Nígbà kan rí, ìlú Yorùbá kọ̀ọ̀kan ló ní irú igbó báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti parẹ́, àwọn tó kù sì ti kéré jọjọ. Èèwọ̀ tí àwọn ará Òṣogbo pa mọ́ láti ìran dé ìran ló jẹ́ kí tiwọn ṣẹ́kù.

Ará Kúta kò ní rí ọ̀rọ̀ yìí bí ohun tuntun. Ní ìlú wọn, orúkọ Anlugbua, akọni ìdílé Òwu, ni ìtàn so mọ́ ilẹ̀ àti ibi ọ̀wọ̀ tí àwọn baba fi sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Òṣọ́fisan tilẹ̀ fi Anlugbua ṣe ẹ̀dá ìtàn nínú eré rẹ̀, *Women of Owu*. Ibi tí baba ńlá ẹni bá gbé tẹ ilẹ̀ dó kì í ṣe ilẹ̀ lásán lójú Yorùbá.

Ìgbà tí igbó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parun

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé igbó yìí kò rí ewu rí. Bí ọ̀rúndún ogún ṣe ń lọ sí ìdajì, àwọn tó ń tọ́jú ojúbọ dín kù, ọ̀pọ̀ ojúbọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Àwọn olè ń jí ère àtijọ́ kó lọ tà. Ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn àti igbó ti ìjọba ìgbà náà gba apá kan nínú ilẹ̀ náà fún ìdánwò iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n gé igi àtayébáyé, wọ́n sì gbin igi tíìkì rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan ń fọ́ òkúta níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja.

Ìgbà yìí ni Susanne Wenger dé. Ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1915, ó sì wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1950 pẹ̀lú Ulli Beier, ọkọ rẹ̀ nígbà náà. Ó kọ́ ẹ̀sìn àti èdè Yorùbá, ó di olórìṣà, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní Àdùnní Olórìṣà. Nígbà tí ó dé Òṣogbo, ó bá àwọn aráàlú dìde láti gba igbó náà sílẹ̀. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà tún àwọn ojúbọ tó ti wó kọ́, wọ́n sì gbé ère tuntun dìde láti fi hàn pé ibẹ̀ ní olùtọ́jú. Lára àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí ni Adébísí Àkànjí, tó ń fi sìmẹ́ǹtì ṣiṣẹ́. Buraimoh Gbádàmọ́sí, tó ń gbẹ́ òkúta. Àti Kásálì Àkàngbé Ògún, tó ń gbẹ́ igi. Amọ̀, irin, igi, òkúta àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe àwọn iṣẹ́ náà.

Ìsapá yìí so èso. Ní ọdún 1965, ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992, wọ́n fẹ ìkéde náà dé gbogbo hẹ́kítà 75. Àdùnní Olórìṣà di olóògbé ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ló ń ṣàkóso ibẹ̀ lónìí, pẹ̀lú Àtáọ́ja, àwọn olórìṣà àti ìjọba ìpínlẹ̀.

Ohun tí àlejò yóò rí

Àkọsílẹ̀ UNESCO ka ojúbọ 40, ààfin méjì, àti ibi ìjọsìn mẹ́sàn-án ní etí odò. Oríṣìí igi àti ewéko tó wà nínú igbó náà ju 400 lọ, àwọn tí ó sì ju 200 nínú wọn ló jẹ́ egbòogi. Ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń sún mọ́ èèyàn.

Láti ẹnu ọ̀nà, àlejò yóò gba abẹ́ igi lọ sí ibi ààfin àkọ́kọ́ àti ojúbọ Ọ̀ṣun, níbi tí àtẹ̀gùn ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi. Àwọn ère tó wà káàkiri kò jọ ère orí tábìlì: òmíràn ga ju ilé lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í gbàgbé ni ère Ìyá Mọ́òpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin bí ìkòkò mímọ àti aró rírẹ; ọwọ́ púpọ̀ ni wọ́n ṣe fún un. Ojúbọ Ọbalúayé àti ilé Ìlẹ́dì náà wà níbẹ̀. Ó dára kí àlejò gba atọ́nà, nítorí ère tí kò bá ní alálàyé yóò dà bí amọ̀ lásán lójú ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa ipa ẹsẹ̀ lórí òkúta

Ọmọ ilé-ìwé tó bá ti kà nípa ipa ẹsẹ̀ ẹranko ayé àtijọ́ lè máa wá irú rẹ̀ lórí òkúta etí odò. Ó yẹ kí àwọn òbí àti olùkọ́ mọ ìdáhùn tó tọ́.

Ipa ẹsẹ̀ máa ń di òkúta nígbà tí ẹ̀dá kan bá rìn lórí ẹrẹ̀ tútù tàbí eérú ní etí omi, tí ibẹ̀ gbẹ, tí iyanrìn tuntun bò ó, tí gbogbo rẹ̀ sì le di àpáta lẹ́yìn àìmọye ọdún. Nígbà tí òjò àti afẹ́fẹ́ bá wá hú u jáde, ipa náà yóò hàn. Irú rẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà: wọ́n ti rí ipa ẹsẹ̀ dáínásọ̀ ní agbègbè Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger àti ní apá àríwá Kamẹrúùnù. Ní Laetoli ní ilẹ̀ Tanzania, ipa ẹsẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn ṣì wà nínú eérú òkè ayọnáyèéfín láti nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 ọdún sẹ́yìn.

Àpáta tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti sọ ọ́ di òkúta, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, ìyẹn ṣáájú kí ẹranko kankan tó ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn lórí ilẹ̀. Nítorí náà, ihò tí a bá rí lára àpáta inú odò lè jẹ́ iṣẹ́ omi tó ń yí òkúta wẹ́wẹ́ lójú kan náà fún ìgbà pípẹ́.

Èyí kò sọ pé Yorùbá kò ní ìtàn ipa ẹsẹ̀. Ní orí òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí èèyàn yóò gun àtẹ̀gùn 667 kó tó dé ìlú àtijọ́, wọ́n máa ń fi ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn han àlejò, pẹ̀lú ìtàn pé ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbà ni ó máa ń bá mu. Ti Òṣogbo yàtọ̀ díẹ̀. Ojú ọ̀nà ni àwọn baba fi sílẹ̀ níbẹ̀: ọ̀nà láti ààfin ìlú dé etí odò, tí àwọn ọmọ Láròóyè ṣì ń tọ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rìn ín mọ́, igbó yóò bò ó.

Ọdún Ọ̀ṣun

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun, ayẹyẹ náà sì máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ méjìlá. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Àtáọ́ja àti àwọn ìjòyè bá rìn la ìlú já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń tan fìtílà olójú mẹ́rìndínlógún ní alẹ́, tí wọ́n sì máa ń ṣe Ìborí Adé, níbi tí wọ́n ti ń kó adé àwọn Àtáọ́ja tó ti wàjà jọ fún ìwúre.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ Arugbá. Arugbá jẹ́ wúńdíá láti ìdílé ọba, òun ló sì máa ń ru igbá Ọ̀ṣun láti ààfin lọ sí etí odò, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò tó ń tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn ń wá láti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà, nítorí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé orúkọ Ọ̀ṣun dé ọ̀hún, ó sì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọn títí di òní.

Ẹni tó bá fẹ́ wo igbó náà ní ìdákẹ́rọ́rọ́ kò gbọ́dọ̀ lọ ní ọjọ́ Arugbá. Ẹni tó bá sì fẹ́ wo ọdún gbọ́dọ̀ tètè dé, nítorí ọkọ̀ kì í lè sún mọ́ tòsí.

Ìkìlọ̀ pàtàkì lórí omi odò

Igede-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣàn wá. Láti Òṣogbo, ó gba ẹkùn Ẹdẹ kọjá, ó sì ń lọ sí Aṣéjìrè, níbi tí wọ́n ti sé e fún omi ẹ̀rọ ìlú Ìbàdàn, kí ó tó ṣàn lọ sí ọ̀sà ní Lẹ́kí. Ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ní òkè yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọ̀ omi náà yí padà di pupa bí ẹrẹ̀, wíwa wúrà ní ẹkùn Ìjẹ̀ṣà sì wà lára ohun tó fà á. Àwọn awakùsà máa ń gbẹ́ ilẹ̀ etí odò, wọ́n a fi omi fọ erùpẹ̀, ẹrẹ̀ náà a sì ṣàn padà sínú odò. Àwọn kan máa ń lo mẹ́kúrì láti fi ṣa wúrà. Ní ọdún 2022, bí ọdún Ọ̀ṣun ṣe ń súnmọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí ibi ayẹyẹ pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbà pé omi Ọ̀ṣun ni ó fún àwọn lọ́mọ, wọ́n sì máa ń bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé fún àwọn ọmọ wọn. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀: òjé àti mẹ́kúrì kì í kúrò nínú omi nítorí pé a sè é. Sísè máa ń pa kòkòrò àrùn. Kò lè yọ irin olóró. Bí omi ti ń fà nínú ìkòkò, ohun tó kù yóò tilẹ̀ le sí i ni. Àyíká ẹni tó mu ún kò ní yí padà lójú ẹsẹ̀, èèyàn kò sì lè fi ojú tàbí ahọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé àti ọmọ inú oyún ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé tó jáde láti inú iṣẹ́ wúrà pa ọmọdé tó ju 400 lọ.

Nítorí náà, kí àlejò gbé omi mímu tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi omi odò ṣe ìwúre lè bu u wẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe mu ún, kó má sì fi fún aboyún tàbí ọmọ ọwọ́. Ará ìlú tó bá rí àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ní etí odò tàbí ìṣàn tó ń wọ inú rẹ̀, kó fi tó àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ létí.

Ìlànà fún àlejò

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi ìforúkọsílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ béèrè iye owó ìwọlé àti owó yíya àwòrán níbẹ̀, ẹ sì gba ìwé-ẹ̀rí owó tí ẹ bá san.

2. Ẹ máa tẹ̀ lé atọ́nà. Bí ó bá ní kí ẹ bọ́ bàtà tàbí kí ẹ má ṣe ya àwòrán ojúbọ kan, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jọ́sìn ló ni ojúbọ. Àlejò ni ẹni tó wá wòran.

3. Ẹ má ṣe gun orí ère, ẹ má sì fi ọwọ́ ha wọ́n. Amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ni púpọ̀ nínú wọn, òjò ọdún pípẹ́ sì ti lu wọ́n.

4. Ẹ má ṣe já ewé, ẹ má ṣe gé igi, ẹ má ṣe pẹja. Èèwọ̀ ni lójú ìṣẹ̀ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lójú òfin tó dáàbò bo ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.

5. Ẹ má ṣe fún ọ̀bọ ní oúnjẹ, ẹ má sì gbé oúnjẹ lọ́wọ́ gbangba níwájú wọn.

6. Ẹ di ọmọdé mú ní etí odò. Ní àkókò òjò, omi máa ń kún lójijì, àtẹ̀gùn etí rẹ̀ sì máa ń yọ̀.

7. Ẹ kó ọ̀rá àti ike omi tí ẹ bá gbé wá padà sílé.

8. Olùkọ́ tó fẹ́ kó ọmọ ilé-ìwé wá, kó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn alákòóso ibẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n lè ṣètò atọ́nà tí yóò tó.

Ẹ̀sìn yòówù kí èèyàn máa ṣe, ó lè lọ wo Igbó Ọ̀ṣun. Mùsùlùmí àti Kristẹni ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ ìtàn, kò sí ẹni tí yóò fi agbára mú wọn jọ́sìn. Ọ̀wọ̀ nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àlejò. Àwọn tó gbà á sílẹ̀ ní ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun kò rí i bí ohun ìní ẹnì kan. Igi tó dá wọn lójú pé kò gbọdọ̀ ṣubú ṣì wà lórí ìdúró. Odò tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ ni ó kù sí ọwọ́ tiwa.